Ọmọ mi fẹ́ kọ́ fọ́tò àti ìtàn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Oníṣòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí. Ọmọ mi ọkùnrin parí ilé ìwé girama lọ́dún tó kọjá, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí a ti fọkàn sí ni pé yóò gba ìyọ̀ǹda, a ó ra kámẹ́rà fún un, yóò sì dá dúró. Ní báyìí, ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ fọ́tò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, kí òun sì kọ́ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ bi í pé ìtàn wo ló wà nínú fọ́tò tí ènìyàn yóò fi ọdún mẹ́rin kọ́, nígbà tí àwọn tí ń ya ìgbéyàwó káàkiri Ìjẹ̀bú kò kọ́ ọ tí wọ́n sì ń jẹun. Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀, èmi náà kò sì rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀kọ́ náà tó ohun tí à ń náwó lé lórí? Ibo ni ó ti lè kọ́ ọ láìjìnnà sí wa jù? Kí sì ni ó yẹ kí ó ti ní lọ́wọ́ kí ó tó gba fọ́ọ̀mù?

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìbéèrè Bàbá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ìdáhùn sí i lè gba ìwé ẹ̀rí láìkọ́ ohun tí ó lọ kọ́.

Ìtàn fọ́tò kọjá orúkọ àwọn òyìnbó tí a há sórí fún ìdánwò. Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe ní ìgbà kan, ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí ó ṣe fún wọn, àti ẹni tí àṣẹ àwòrán wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, àwọn ni à ń wádìí. Niépce ará Faransé ni ó ya èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn fọ́tò tí a fi kámẹ́rà yà tí ó ṣì wà títí di òní, láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1826 tàbí 1827, ó sì gbà á ní wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán kí ìmọ́lẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára àwo irin tí àwòrán ń hàn sí. Daguerre, ará Faransé mìíràn, dín àkókò yẹn kù gidigidi, ìjọba Faransé sì fi ọ̀nà rẹ̀ han gbogbo ayé ní oṣù kẹjọ ọdún 1839. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, ó ti ya òpópónà kan ní Paris tí èrò àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin máa ń kún, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò náà òpópónà ṣófo, àfi ọkùnrin kan tí ó dúró kí wọ́n bá a dán bàtà. Gbogbo àwọn tí ń rìn ti poora, nítorí pé wọn kò dúró pẹ́ tó níwájú àwo. Ọmọ tí ó bá jókòó ti fọ́tò yẹn dáadáa yóò mọ̀ pé kámẹ́rà kì í mú gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò sì máa béèrè ohun tí ó sọnù nínú gbogbo fọ́tò tí ó bá rí lẹ́yìn náà.

Fọ́tò kò pẹ́ dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà kó wá sí Monrovia ní 1853, ń ya àwọn ènìyàn níbẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, Neils Walwin Holm ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, Jonathan Adagogo Green sì wà ní Bonny. Green yìí, tí kò gbé ayé ju 1873 sí 1905 lọ, ni ó ya Ọba Ovonramwen ti ìlú Benin nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1897, nígbà tí àwọn òyìnbó ń gbé e lọ sí Calabar. Ọba jókòó, àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni fọ́tò náà ń ṣiṣẹ́ fún? Ṣé ìjọba òyìnbó tí ó fẹ́ fi ìṣẹ́gun hàn ni, àbí ọba tí kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ rẹlẹ̀? Kíláàsì kan lè fi ọ̀sẹ̀ méjì jiyàn lórí rẹ̀.

Ìtàn wa náà wà níbẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978, kíyè sí i pé àwọn àgbà wa ní ìjókòó kan pàtó fún fọ́tò: wọn á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, wọn á gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ, ojú kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ó rí i pẹ̀lú pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò a máa ya èyí tí ó kù, a sì tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ takọtabo, èyí tí ó kù a tún wọ aṣọ ti ẹni tí ó lọ. Fọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ère ìbejì, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kọ́ àwọn ayafọ́tò náà ní ọgbọ́n yẹn. Ẹ ní kí Bàbá gbójú sókè wo fọ́tò bàbá tiwọn lára ògiri pálọ̀, kí wọ́n wo bí ọwọ́ àti aṣọ ti rí nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Fọ́tò, Ṣàgámù

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń rán wá sọ́dọ̀ mi fún ìkọ́ṣẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, tí awọ rẹ̀ sì dúdú, fọ́tò wọn á sọ ojú rẹ̀ di èédú. Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń rò pé ohun gbogbo tí òun rí ń dá ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Bí funfun bá gba ojú kámẹ́rà tán, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, ojú ènìyàn á sì bá a lọ. Ojú ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ mi mọ èyí kí ó tó mọ bí a ti ń kọ rìsíìtì. Ẹ̀kọ́ ilé ìwé dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀gá, òtítọ́ lẹ sọ, àárín ìtàn gan-an lẹ sì ti sọ ọ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ibi tí a ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère, fọ́tò obìnrin òyìnbó ni ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Shirley. Awọ ara obìnrin yẹn ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n: bí tirẹ̀ bá ti dára, a gbà pé ti gbogbo ayé dára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ dúdú kò hàn dáadáa nínú fíìmù náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wá tún un ṣe, àwọn tí ó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ó ń ta àga onígi wà lára àwọn tí ìráhùn wọn ti i, nítorí pé àwọ̀ ọjà wọn kò hàn bó ti yẹ nínú ìpolówó. Ìráhùn oníṣokoléètì dé etí wọn kí ti ìyá ìyàwó tó dé. Ọmọ iṣẹ́ yín mọ ohun tí yóò ṣe sí kámẹ́rà. Ẹni tí ó kọ́ ìtàn yóò mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ènìyàn ni ó pinnu bí òṣùwọ̀n náà yóò ṣe rí, yóò sì máa fura sí àwọn òṣùwọ̀n mìíràn tí wọ́n ti pinnu sínú fóònù òde òní.

Ọmọ Mọ́lípa, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́, ibi tí mo mọ̀ ni ó sì jẹ́ ìbéèrè yín kejì.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ilé ẹ̀kọ́ tí ń fúnni ní oyè lórí fọ́tò nìkan kò pọ̀. Inú ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tàbí ti ìbánisọ̀rọ̀ ni ẹ ó ti bá a, gẹ́gẹ́ bí apá kan. Bí ọmọ yín bá fẹ́ ọnà àti ìtàn, iṣẹ́ ọnà ni kí ó yàn, nítorí pé ìbánisọ̀rọ̀ máa ń yí fọ́tò sí ti ìwé ìròyìn, ìtàn iṣẹ́ ọnà kò sì ní wúwo níbẹ̀. Ifẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, Yunifásítì Èkó ní Àkọkà náà ní tirẹ̀, Yaba College of Technology sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí a ti mọ̀ fún iṣẹ́ ọnà láti ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wà nílé, Tai Solarin wà ní Ìjagun, Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Gateway wà ní Sáàpádè, Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ẹ má wo orúkọ wọn lásán. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ béèrè ta ni ń kọ́ fọ́tò gan-an, bóyá yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá ìtàn iṣẹ́ ọnà jẹ́ dandan, àti bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Bí wọ́n bá fi kámẹ́rà tuntun hàn yín tí wọn kò sì rí ìwé kan fi hàn, ẹ rántí pé kámẹ́rà wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ náà.

Fún yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti kókó ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn ni yóò ṣe nínú ìdánwò JAMB, kí ó sì yẹ ìwé ìlànà JAMB wò fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá jẹ́ pólì, ọdún méjì ni ND, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́, ọdún méjì fún HND. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ yẹn ni ó lè fi padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà ohun tí Ọ̀gá Ṣàgámù sọ kò ta ko ohun tí ọmọ ń fẹ́.

Ohun tí ó máa ń ṣòro jù ni ìjókòó àgbéyẹ̀wò. Ẹ ó gbé fọ́tò yín kọ́ sára ògiri, ẹ ó dákẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á sì máa sọ ohun tí wọ́n rí. Kò sí àyè láti ṣàlàyé pé oòrùn ti wọ̀ tàbí pé oníbàárà ń kánjú. Àwọn tí ó ti wá láti ṣọ́ọ̀bù ni ó máa ń dun jù, torí pé oníbàárà ti ń yìn wọ́n tipẹ́.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé ọ̀nà kò pa pọ̀ sójú kan. TY Bello, ayafọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ni ó kà ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Ogun State University. Ayafọ́tò Rotimi Fani-Kayode kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ Pratt ní New York ní 1983, ó sì mú ìṣẹ̀ṣe Yorùbá wọ inú fọ́tò rẹ̀ kí ó tó kú ní 1989. Ní Èkó, Bisi Silva dá ibi iṣẹ́ ọnà òde òní kan sílẹ̀ ní Yaba ní 2007, ọdún 2010 sì ni àjọ̀dún fọ́tò LagosPhoto bẹ̀rẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó kò jìnnà. Kí ó máa lọ wo ìpàtẹ kí ó tó gba fọ́ọ̀mù rárá.

Ìyá Oníṣòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run yóò ṣe é fún yín. Bàbá rẹ̀ ka ti Olùkọ́, wọ́n gbé fọ́tò bàbá wọn sílẹ̀ láti ara ògiri, wọ́n sì wò ó pẹ́. Wọn kò tí ì sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kàn bi ọmọ pé ọdún wo ló rò pé wọ́n yà á. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Wọ́n ní yóò kó àkójọ fọ́tò lọ fún àwọn tí yóò gbà á, irú èwo? Èkejì, ọ̀gá rẹ̀ ní páálí nẹ́gẹ́tíìfù àtijọ́ púpọ̀, fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, tí ó fẹ́ kó dànù, nítorí pé ó fẹ́ fi àyè rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má kó o dànù, ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Olùtọ́jú Ìwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gba páálí wọ̀nyẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ìgbà tí kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà ti dé ni wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ dànù ní gbogbo ìlú wa. Ojú àwọn tí wọ́n ṣe ìsìnkú, ìwúyè àti ìgbéyàwó, àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n tẹ àlímánáàkì ọdọọdún tí ojú ọba àti ti olóyè wà láàárín rẹ̀: wọ́n wà nínú páálí yẹn, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n tún wà.

Kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́ òórùn wọn. Fíìmù àtijọ́ kan wà tí ó máa ń rùn bí ọtí kíkan bí ó bá ti ń bàjẹ́. Kí ó ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó dára, nítorí pé ó máa ń ràn. Kí ó fi ibọ̀wọ́ òwú tí ó mọ́ dì wọ́n mú ní etí, kí ó má fi omi nù wọ́n. Kí ó fi bébà lásán ṣe àpò fún wọn dípò ọ̀rá, kí ó kọ ohun tí a bá mọ̀ nípa wọn sára àpò náà kí ó tó ki fíìmù bọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò tí a ti tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó kọ ọ́ sí pẹ̀lú pẹ́ńsù tí ó rọ̀, kì í ṣe bírò, kí ó sì yẹra fún álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ń lẹ̀, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń jẹ fọ́tò. Ibi tútù tí kò ní ọ̀rinrin ni kí ó kó wọn sí. Òkè àjà tí páànù ń gbóná sí kò dára. Bí ó bá rí ẹ̀rọ tí ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa mọ́ kedere) tó fún fọ́tò orí bébà, ṣùgbọ́n fíìmù kéékèèké fẹ́ 2400 sókè, irú fáìlì tí à ń pè ní TIFF ni kí ó fi pa á mọ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ibi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ní ilé mìíràn.

Solomon Osagie Alonge, ẹni tí ó jẹ́ ayafọ́tò ààfin ní ìlú Benin, tí a bí ní 1911, ló ń ya fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní 1942. Nítorí pé nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ kò ṣòfò ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian fi lè pàtẹ wọn ní Amẹ́ríkà ní 2014. Mi ò mọ̀ bóyá irú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú, àmọ́ bí ó bá wà, inú páálí ni ó wà.

Ọmọ Mọ́lípa, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ti àkójọ, kí ó mú bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí ó jẹ́ pé ohun kan náà ni ó ń lé nínú wọn. Fọ́tò tí ó dára lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó kan, oòrùn kan, ewúrẹ́ kan, kò sọ fún olùkọ́ pé ọmọ yìí ń ronú. Ayafọ́tò wa kan, J. D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí, pẹ̀lú ẹ̀yìn àwòrán tí kò ní nǹkan kan nínú, ó sì yà á títí ó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ irun lásán. Bí ẹ bá gbé ogún kalẹ̀, ẹ ó rí ọnà àti ìtàn ìlú.

Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ fún un pé kí ó lọ ya Ojúde Ọba. Kí ó ronú dáadáa. Ọjọ́ kẹta Iléyá, kámẹ́rà pọ̀ ju ẹṣin lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní 2024 sì ti yí ayé ká, ẹni tí ó bá tún gbé irú rẹ̀ lọ kò gbé nǹkan tuntun lọ. Àmọ́ bí ó bá jókòó ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí aṣọ tí wọn yóò rà, dé ilé télọ̀, dé alẹ́ ọjọ́ náà tí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, ìyẹn di iṣẹ́. Tàbí kí ó ya Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó gùn tó nǹkan bí ọgọ́jọ kìlómítà, kí ó ya ilé àti oko tí ó ti wọ inú rẹ̀.

Olùtọ́jú Ìwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a sọ ti Agẹmọ pẹ̀lú. Àwọn ohun kan wà nílẹ̀ wa tí kì í ṣe fún ojú gbogbo ènìyàn, kámẹ́rà kò sì yọ ẹnikẹ́ni nínú èèwọ̀. Kí ó tọ àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ lọ kí ó tó gbé kámẹ́rà jáde. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Ìkẹ́nnẹ́

Mo gbà, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un tí kò ní ná an ní owó kámẹ́rà. Kí ó fi agolo mílíìkì àti abẹ́rẹ́ ṣe kámẹ́rà oníhò. Kí ó sì kọ́ bí a ti ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ aró tí John Herschel gbé jáde ní 1842, tí Anna Atkins sì fi ṣe ìwé nípa ewé inú òkun ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Èròjà méjì ni, ferric ammonium citrate àti potassium ferricyanide, a ó po wọ́n sínú omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó dà wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà níbi tí oòrùn kò dé, a ó fi kun bébà, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà a ó gbé ewé tàbí nẹ́gẹ́tíìfù ńlá lé e, a ó gbé e sí oòrùn, a ó fi omi fọ̀ ọ́. Ibi tí oòrùn dé á di aró bí àdìrẹ, ibi tí kò dé á di funfun. Kí ó ra èròjà náà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta nǹkan yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, kí ó wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó má sì jẹ́ kí ásíìdì kan èròjà náà. Bí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tán, nígbà tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ Talbot ará Gẹ̀ẹ́sì àti nẹ́gẹ́tíìfù orí bébà rẹ̀ ti 1841, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń há sórí mọ́. Ewé obì pọ̀ ní Rẹ́mọ, kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Fọ́tò, Ṣàgámù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò yí ohùn mi padà lórí ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n páálí nẹ́gẹ́tíìfù wà lábẹ́ tábìlì tèmi náà, láti ìgbà ọ̀gá tí ó kọ́ mi, mi ò sì mọ ojú ta ni ó wà nínú wọn. Mà, ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó wá sí Ṣàgámù, kí ó mú ibọ̀wọ́ òwú yẹn dání. Kí ó má wá ní ọjọ́ Sátidé, nítorí òde pọ̀.